Áísìkirimù Onígi ti Àwọn Ará Mẹ́síkò

Nínú oṣù kẹta ọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, oòrùn a máa mú bí ẹni pé ó ní ìjà pẹ̀lú ọmọ aráyé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ tí kì í bèèrè ohun tútù. Bí ìyá rẹ̀ kò bá fún un nílé, yóò fi owó ìpápánu rẹ̀ rà á lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ìyá kò sì ní mọ irú omi tí wọ́n fi ṣe é, tàbí irú ọwọ́ tí ó dì í. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ohun tútù kan tí a lè ṣe nínú ilé ìdáná tiwa. Kì í ṣe ohun ìbílẹ̀ wa. Paleta ni àwọn tí ó ni ín ń pè é, ilẹ̀ Mẹ́síkò ni ó sì ti gbajúmọ̀.

Ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tí mo ń kàwé fún oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ ní ìlú náà, ṣùgbọ́n àwọn ará Mẹ́síkò pọ̀ jù wá lọ lọ́nà púpọ̀. Ooru ibẹ̀ nínú oṣù keje kò sì kéré sí tiwa rárá. Bí ó bá di ọ̀sán, a ó máa gbọ́ agogo wẹ́wẹ́ lójú títì: ọkùnrin kan ni ó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, àpótí funfun ni ó wà lórí kẹ̀kẹ́ náà, agogo kéékèèké sì so mọ́ ibi tí ó dì mú. Paletero ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé a sì sáré jáde bí àwọn ọmọ tiwa ti í ṣe nígbà tí wọ́n bá gbọ́ fèrè ẹni tí ń ta yọ́gọ́ọ̀tì dídì.

Ìyá àgbàlagbà kan wà tí ilé wọn kọjú sí tèmi, ìpínlẹ̀ Michoacán ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ni a ti bí wọn. Señora ni mo ń pè wọ́n. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí wọn ní òwúrọ̀ bí mo ti máa ń kí ìyá mi, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń pè mí ní mija, ìyẹn ni pé ọmọ mi, tí wọ́n sì ń fà mí wọ inú ilé ìdáná wọn. Señora kì í ra paleta lọ́wọ́ ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n ń ṣe é fúnra wọn fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ kò le, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ẹ̀rọ olówó iyebíye.

Oríṣi méjì ni paleta. Ọ̀kan ni paleta de agua, ìyẹn ti olómi: èso, omi àti ṣúgà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni paleta de crema, ìyẹn ti ọlọ́ràá wàrà, èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo pè é ní áísìkirimù onígi kí ó lè tètè yé wa, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ̀rọ ni a fi ń po áísìkirimù bí ó ti ń dì lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ a wọ inú rẹ̀, yóò sì fúyẹ́. A kì í po paleta bí ó ti ń dì. Bí a bá ti dà á sínú ife tí a sì gbé e sínú fíríísà, ó parí. Ìdí nìyí tí ó fi ń ki ju áísìkirimù lọ, tí kì í tètè yọ́ dànù sí ọmọ lọ́wọ́, ìdí náà sì nìyí tí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ fi lè ṣe é.

Ohun tí wọ́n ń fi ṣe é pọ̀ jọjọ: àgbọn, máńgòrò, gúáfà, ẹ̀pà, àti ìrẹsì tí a sè rọ̀ nínú wàrà pẹ̀lú sínámọ́nì. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti àgbàdo tútù. Nígbà tí mo ronú sí i, mo rí i pé kò yẹ kí ó yà mí lẹ́nu, nítorí ilẹ̀ Mẹ́síkò gan-an ni a ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di ohun ọ̀gbìn, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, kí ó tó la òkun kọjá tí ó fi dé oko àwọn baba wa. Fànílà tí a ń kán sínú kéèkì náà, ilẹ̀ yẹn ni ó ti wá.

Àwọn ará Tocumbo, ìlú kékeré kan ní Michoacán, ni wọ́n sọ paleta di òwò ńlá. Láàrin ọdún 1940 sí 1950, àwọn ọmọ ìlú náà bíi Ignacio Alcázar àti Agustín Andrade ṣí ilé ìtajà paleta ní olú ìlú Mẹ́síkò. Bí ọjà ti ń yá, wọ́n ń fa ẹbí àti ará ìlú lẹ́yìn, wọ́n ń yá wọn lówó, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́, olúkúlùkù sì ń dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. La Michoacana ni púpọ̀ nínú wọn kọ sójú ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹnì kan ni ó ni gbogbo wọn. Lónìí, ẹni tí ó bá ń wọ Tocumbo yóò rí ère paleta ràgàjì kan tí wọ́n gbé dúró sí ẹnu ìlú. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, nítorí ó rán mi létí bí àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ti fa ara wọn lọ́wọ́ dé ilẹ̀ Gánà láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé ìdáná.

Ẹ ti lè gbìyànjú rí láti da mílíìkì àti ṣúgà díẹ̀ sínú ife kí ẹ sì gbé e sínú fíríísà. Ohun tí ó máa ń jáde ni òkúta, tí ń ró wùrùwùrù lábẹ́ eyín. Ìdí rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wàrà jẹ́ omi, omi a sì máa dì ní ẹyọ-ẹyọ. Bí ẹyọ náà bá tóbi, ẹnu yóò mọ̀ ọ́n bí iyanrìn. Bí ó bá wẹ́ gan-an, ẹnu kò ní mọ̀ ọ́n mọ́, ohun tí yóò mọ̀ ni pé ó ń dán tí ó sì ń yọ̀. Gbogbo ọgbọ́n paleta ọlọ́ràá kò ju pé kí a mú ẹyọ omi dídì wẹ́ lọ.

Ṣúgà ń ṣe nínú iṣẹ́ yẹn. Omi tí ṣúgà wà nínú rẹ̀ kì í dì tán pátápátá, díẹ̀ nínú rẹ̀ a ṣẹ́ kù gẹ́gẹ́ bí oje láàrin àwọn ẹyọ omi dídì, òun ni ó sì ń jẹ́ kí eyín lè wọlé. Ẹni tí ó bá háwọ́ sí ṣúgà yóò bá òkúta nínú ife, ẹni tí ó bá sì dà á jù, tirẹ̀ kò ní dì. Ẹ rántí pé ahọ́n kì í mọ adùn ohun tútù bí ó ti í mọ ti ohun gbígbóná, nítorí náà kí àdàlù náà dùn díẹ̀ ju bí ẹ ti fẹ́ lọ kí ó tó wọ fíríísà. Ọ̀rá inú wàrà náà ń ṣe tirẹ̀, kì í jẹ́ kí àwọn ẹyọ náà ráyè so mọ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kò fi dára fún iṣẹ́ yìí.

Èyí tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Señora tí n kò kà nínú ìwé kankan kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni ti ìyẹ̀fun àgbàdo. Àwọn ará Mẹ́síkò ní ẹ̀kọ mímu tiwọn tí wọ́n ń pè ní atole, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é bí a ti ń fi ògì ṣe tiwa. Señora a máa ro ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ mọ́ wàrà lórí iná títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ tí kò nípọn, wọn a sì fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀ paleta. Ìyẹ̀fun náà di omi mú, kò jẹ́ kí ó rìn kiri kó ara rẹ̀ jọ di ẹyọ ńlá. Mo ti fi ògì wa dán an wò, ṣùgbọ́n ìkan rẹ̀ hàn jù fún mi. Kọ́sítáàdì ni ó dára jù nílé wa, nítorí pé ìyẹ̀fun àgbàdo náà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, fànílà sì ti wà níbẹ̀.

Ohun tí ó kù ni kí ó tètè dì. Bí ó bá ṣe yára dì tó ni ẹyọ rẹ̀ ṣe ń wẹ́ tó. Àwọn tí ń ṣe é tà a máa ki ife onírin rẹ̀ bọ inú omi iyọ̀ tí ẹ̀rọ ti mú tutù kọjá ibi tí omi lásán ti ń dì. A lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Bí fíríísà yín kò bá lágbára, ẹ fọ́ omi dídì sínú ọpọ́n, ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ da iyọ̀ sí i, ìwọ̀n kan, ẹ pò ó pọ̀. Iyọ̀ yóò mú kí omi dídì náà máa yọ́, ṣùgbọ́n bí ó ti ń yọ́ ni òtútù rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ kó àwọn ife náà sínú ọpọ́n fún wákàtí kan kí ẹ tó gbé wọn sínú fíríísà, kí ẹ sì ṣọ́ra kí omi iyọ̀ má ta sí wọn. Kí fíríísà tó délé ayé rárá ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n omi dídì àti iyọ̀ yìí ṣe nieve, ohun tútù àtayébáyé wọn, nínú agbada irin tí ó wà nínú àgbá onígi.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á ṣe é. Fún paleta mẹ́wàá kéékèèké, ẹ ó wá ife wàrà méjì, ìyẹn nǹkan bí ìdajì lítà. Ẹ lè fi mílíìkì oníyẹ̀fun àti omi tí ẹ ti sè pò ó, kí ó ki díẹ̀ ju èyí tí ẹ fi ń mu tíì lọ. Ẹ ó wá mílíìkì alágolo kékeré kan tí ẹ kò ní fi omi là, ìdajì agolo mílíìkì oníṣúgà tí ń fà bí oyin, ṣíbí ìjẹun méjì ṣúgà, ṣíbí ìjẹun méjì kọ́sítáàdì, àti iyọ̀ tí ìka méjì lè mú. Ẹni tí kò bá rí mílíìkì oníṣúgà, kí ó fi mílíìkì alágolo kékeré kan sí i kún ti àkọ́kọ́, kí ó sì fi ìdajì ife ṣúgà kún ṣúgà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ni ẹ fẹ́ lò, kò burú, ó tilẹ̀ dùn ju ti inú agolo lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sè é kí ó hó dáadáa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí ó ti wà náà ni ó ṣe ń ṣara lóore jù.

Ẹ fi wàrà tútù díẹ̀ po kọ́sítáàdì náà kí ó má ní kókó. Ẹ gbé ìyókù wàrà kaná pẹ̀lú ṣúgà àti iyọ̀. Bí ó bá hó, ẹ da kọ́sítáàdì sí i, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí yóò fi tún hó, kí ó sì máa hó fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ da mílíìkì alágolo àti oníṣúgà sí i. Ẹ má gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó máa tutù bí ó bá ti wù ú. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú ọpọ́n omi tútù, ẹ máa rò ó, ẹ pààrọ̀ omi bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó lè tètè tutù. Lẹ́yìn èyí, ẹ bò ó, kí ó wà nínú fíríìjì fún wákàtí méjì ó kéré tán. Ẹ má fo èyí, nítorí ohun tí ó ti tutù kí ó tó wọ fíríísà ni í yára dì.

Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ gbà pẹ̀lú àwọn tí ń sọ pé a kò lè ṣe é láìní ike rẹ̀ tí wọ́n ń tà. Ife ike kékeré tí yọ́gọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀, ti tó. Ẹ má rọ ọ́ kún dé ẹnu, nítorí yóò wú bí ó bá ń dì. Bí ó bá ti tó nǹkan bí wákàtí kan, tí ó ti ń dì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni kí ẹ ki igi pẹlẹbẹ bọ àárín rẹ̀, yóò sì dúró ṣánṣán. Igi tí wọ́n ṣe fún un kò wọ́n. Ẹ má ṣe fi igi ìtayín tàbí igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó kankan dípò rẹ̀ fún ọmọdé. Ṣíbí tíì kékeré sàn jù ú lọ. Ibi tí ó tutù jù nínú fíríísà ni kí ẹ gbé e sí, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàrin ara wọn, fún wákàtí mẹ́fà tàbí di ọjọ́ kejì.

Nípa èso, ohun kan wà tí ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú: wọ́n da máńgòrò sí wàrà gbígbóná, wàrà sì yapa. Ìkan inú èso ni ó ṣe é. Ẹ gé máńgòrò, ẹ fi ṣúgà ṣíbí kan sè é fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje kí omi rẹ̀ lè fà, ẹ lọ̀ ọ́, kí òun àti wàrà tutù pátápátá kí wọ́n tó pàdé. Ife kan tó fún ìwọ̀n tí mo kọ sókè yìí, ife náà yóò sì pọ̀ sí i ní mẹ́ta. Ọ̀pẹ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ ní tiwọn gbọ́dọ̀ jiná dáadáa lórí iná, nítorí ohun kan wà nínú wọn nígbà tí wọ́n wà ní tútù tí ń tú wàrà ká tí ó sì ń mú un korò. Iná nìkan ni ó ń pa agbára rẹ̀. Ti àgbọn kò ní wàhálà kankan: ẹ rin ín, ẹ da omi gbígbóná tí ó hó sí i, ẹ fún un, kí ẹ fi oje rẹ̀ rọ́pò ife wàrà kan nínú méjì. Ẹ yan díẹ̀ nínú èyí tí ẹ rin náà nínú ìkòkò gbígbẹ kí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ sì dà á sínú rẹ̀ nígbà tí ó bá tutù. Fún ti àgbàdo, ṣùkù méjì tí ó ṣì rọ̀ ni kí ẹ rẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹ sè é nínú wàrà náà, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì dín kọ́sítáàdì kù sí ṣíbí kan. Bí ẹ̀pà ni ẹ bá fẹ́, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, ẹyọ ẹ̀pà lè há a lọ́fun.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa òtútù, nítorí ó ń da àárín àwọn ọ̀dọ́ ìyàwó àti àwọn ìyá ọkọ rú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan wá bá mi pẹ̀lú ẹkún. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, lá ohun dídì kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru sì gbé e dè ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ọmọ dé ilé, ìyá ọkọ fi òfin lélẹ̀ pé ohun tútù kankan kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ mọ́, nítorí òtútù ti wọ̀ ọ́ nínú. Ìyàwó kò fẹ́ ṣe àìgbọràn. Ọmọ ní tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lá ti ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá Màmá sọ̀rọ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ fúnra òun, yóò dà bí ẹni pé òun ń bá wọn du ọmọ.

Mo lọ kí wọn. Màmá gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí mo bá wá.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “ẹ̀yin mọ ìwé, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tèmi yìí ni ọmọ náà wà tí a fi dé ọsibítù. Kí ni ó jẹ? Ṣebí omi dídì ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà,” ni mo dáhùn. “Omi dídì náà ni. Ẹ kò ṣì í sọ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, irú omi wo ni ó dì?”

Màmá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi ìyàwó ilé wọn pé, “Omi ibo ni, ìyá Àkànní?” Kò sí ẹni tí ó mọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òtútù kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Kòkòrò àìsàn inú omi àti wàrà ni ó ń fà á, kòkòrò wọ̀nyí kì í sì í kú nínú fíríísà. Sísùn ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn. Bí omi dídì bá ti yọ́ nínú ikùn ọmọ, wọn a jí. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ ńlá ń gbani lọ́wọ́ èyí. Ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ áísìkirimù ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà tí mo ti kàwé ní láti kó gbogbo ọjà rẹ̀ kúrò lórí àtẹ, nítorí kòkòrò kan tí ń jẹ́ Listeria wọ inú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta tí ó ṣàìsàn náà kú. Inú fíríísà ni àwọn áísìkirimù náà wà ní gbogbo ìgbà. Kòkòrò yìí lágbára lórí aláboyún àti oyún inú rẹ̀ ju bí ó ti lágbára lórí ẹlòmíràn lọ. Iná ni í pa kòkòrò, nítorí náà ohun gbogbo tí a fẹ́ mú dì gbọ́dọ̀ ti rí iná ná: omi, wàrà, àti èso tí a bá lè sè. Ife, igi, asẹ́ àti ọwọ́ wa náà gbọ́dọ̀ mọ́, nítorí iná kì í padà wá wò wọ́n lẹ́yìn tí a bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀.

Màmá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn yóò jókòó ti ìkòkò náà títí yóò fi hó lójú àwọn. Wọ́n sì jókòó tì í lóòótọ́, lórí àpótí, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé ìyàwó ilé náà kò lè rí olùṣọ́ tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gbogbo èyí tí a ṣe lọ́jọ́ náà, ti àgbàdo ni wọ́n fẹ́ràn jù, wọ́n ní ó jọ ẹ̀kọ tí ọlọ́lá mu.

Èyí tí ó kù tí ó sì ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ti iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀. Fíríísà tí ó kún, tí a kò ṣí, lè pa òtútù rẹ̀ mọ́ fún nǹkan bí wákàtí 48. Bí ó bá kún dé ìdajì, kò lè ju wákàtí 24 lọ. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má ṣe máa yọjú wò ó. Paleta tí ó bá ti rọ̀ tí omi dídì ṣì wà ní àárín rẹ̀, ẹ tú u sínú ìkòkò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ sè é kí ó hó, kí ẹ sì fi mu ẹ̀kọ ní ọjọ́ náà. Èyí tí ó bá ti yọ́ pátápátá tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé mílíìkì wọ́n, ó ń dun ni láti da owó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tún un mú dì fún ọmọ. Nínú ooru tiwa yìí, wákàtí kan péré ti tó fún kòkòrò láti pọ̀ sí i nínú wàrà tí ó wà níta.

Ọ̀kan ní ọjọ́ kan tó fún ọmọ, lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe dípò oúnjẹ. Wàrà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà náà kò kéré, eyín ọmọ kì í sì í dárí ji ni. Kí ó jókòó lá a, kí ó má ṣe máa fi igi rẹ̀ sáré kiri àgbàlá.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ ki ìdí ife bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kà dé mẹ́wàá, ẹ yí igi rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó fà á. Èyí tí ẹ kò bá ní jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ dì í sínú ọ̀rá mímọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí òórùn ẹja má bàa wọ̀ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sára ọ̀rá náà, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.